Bébà ń tán, ẹ̀rọ ń há: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé títẹ̀ ní ọ́fíìsì ńlá

Èmi ni wọ́n máa ń pè bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá há, bí bébà bá tán, tàbí bí ọ̀gá bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí páálí bébà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbà lọ. Láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ wa ti ní ká dín bébà kù, ká má fi ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà pa igbó run, ìbéèrè kò jẹ́ kí n jókòó. Mo ṣa àwọn tó máa ń padà wá jù. Ẹ óò rí i pé ẹ̀rọ ni mo máa ń dá lẹ́bi, tàbí èmi tí mo ṣètò rẹ̀, kí n tó kan òṣìṣẹ́. Àkọlé “Ẹ dín bébà kù” tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kò tíì gba bébà kan là níṣojú mi.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní oṣù méjì tí ẹ ti kéde pé gbogbo ẹ̀rọ ti ń tẹ ojú méjì bébà. Kí ló dé tí tèmi ṣì ń tẹ ojú kan?

Ìdáhùn: Ẹ má bínú, ẹjọ́ yín kọ́. Ibi mẹ́rin ni àṣẹ ojú méjì ń gbé: inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, orí server tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ, orí kọ̀ǹpútà yín, àti inú ohun tí ẹ fi ṣí ìwé náà, ìbáà ṣe Word tàbí Adobe Reader. Èyí tó sún mọ́ yín jù ló sábà ń borí.

Lórí Windows, ẹni tó ń tọ́jú server á ṣí “Printing Preferences”, á yan ojú méjì, á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Tirẹ̀ nìkan ló yí padà yẹn. Èyí tó kan gbogbo ilé wà nínú “Printer Properties”, lábẹ́ “Advanced”, níbi tí wọ́n kọ “Printing Defaults” sí. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí: odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yangàn kiri, kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló ń gbọ́ràn.

Ẹni tó ti so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kí a tó ṣàtúnṣe yìí lè ṣì wà lórí ètò àtijọ́. Ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un fi sí i. Ẹ tún wo Adobe Reader: ó ní àpótí kékeré tirẹ̀ tí wọ́n kọ “Print on both sides of paper” sí. Bí kò bá sí àmì nínú àpótí yẹn, ojú kan ni yóò tẹ̀, ohun yòówù kí server sọ.

Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí: mo máa ń tẹ ìwé olójú-ewé mẹ́ta láti inú Word, kí n tún tẹ olójú-ewé mẹ́ta láti inú PDF. Bébà méjì-méjì ló yẹ kó jáde. Bí ti Word bá jẹ́ méjì tí ti PDF sì jẹ́ mẹ́ta, a ti mọ ilé tí olè ń gbé.

Ohun kan ṣì kù tó ń lé àwọn ènìyàn padà sórí ojú kan. Bí ojú kejì bá jáde ní ìdoríkodò, wọ́n á bínú, wọ́n á pa ojú méjì, wọn ò sì ní ṣí i mọ́ láéláé. “Flip on short edge” ló fà á. Ẹ yan “long edge” fún ìwé tí a gbé dúró, ó parí.

Ìbéèrè: Àkọsílẹ̀ oṣù láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi hàn pé iye tí a ń tẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Ṣé asán ni gbogbo wàhálà yìí?

Ìdáhùn: Rárá o. Ojú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni òǹkà inú rẹ̀ sábà ń kà, kì í ṣe bébà. Ẹni tó tẹ ojú ewé mẹ́wàá sórí bébà márùn-ún, mẹ́wàá náà ni òǹkà yóò kọ fún un. Bébà tó ń jáde ní yàrá ìpamọ́ lè dín kù sí ìdajì, kí àkọsílẹ̀ wọn ṣì máa sọ iye ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tó jáde kúrò ní yàrá ìpamọ́ ni kí ẹ máa kà. Rímù kan jẹ́ bébà 500. Bébà A0 gba mítà onígun mẹ́rin kan, A4 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún rẹ̀. Nítorí náà, bébà A4 tó jẹ́ gíráàmù 80 sí mítà onígun mẹ́rin wọn gíráàmù 5 péré. Rímù kan jẹ́ kílò méjì ààbọ̀. Páálí onírímù márùn-ún jẹ́ kílò méjìlá ààbọ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá pé “a dín ìtẹ̀wé kù ní ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún”, yóò mi orí. Ẹ sọ pé páálí ogún ni a kò rà lóṣù yìí, ìyẹn àádọ́talérúgba kílò bébà, yóò gbé ojú sókè.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí ẹ ti kó bébà àtúnlò yìí wá ni ẹ̀rọ àjà wa ti ń há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá bébà wa àtijọ́ padà fún wa.

Ìdáhùn: Mo gòkè wá wò ó kí n tó dá yín lóhùn. Rímù mẹ́ta ló wà ní ìhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo mú bébà kan nínú wọn, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: etí rẹ̀ ti ká wọnú bí etí ewé tó ń gbẹ. Bí bébà tuntun tí igi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wó lánàá ló wà níbẹ̀, yóò há bákan náà.

Bébà máa ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Nínú ẹ̀rọ tó ń lo tónà, ó máa ń gba abẹ́ rólà kan kọjá tí ooru rẹ̀ sún mọ́ ìwọ̀n 200 ti Celsius, torí pé ooru yẹn ló ń yọ́ ìyẹ̀fun tónà mọ́ ojú bébà. Omi inú bébà á gbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, bébà á ká. Bí ó bá jẹ́ ojú méjì ni ẹ ń tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò la iná yẹn kọjá, nítorí náà bébà tó ti gba ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀ kò ní yè é. Ìdí nìyẹn tó fi dà bí ẹni pé ojú méjì àti bébà àtúnlò ló ń há, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí ẹ tọ́jú bébà sí ni.

Ẹ má ṣí rímù títí dìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Èyí tó kù nínú rẹ̀, ẹ dá a padà sínú bébà tí wọ́n fi wé e kí ẹ ká ẹnu rẹ̀. Ẹ tẹ́ páálí sórí pákó, kì í ṣe sórí ilẹ̀ lásán. Bí yàrá ìpamọ́ bá tutù ju ọ́fíìsì lọ, ẹ jẹ́ kí rímù sùn sí ọ́fíìsì mọ́jú kí ẹ tó já a. Ẹ fẹ́ etí bébà bí ẹni ń ṣí ìwé kí ẹ tó gbé e sínú àwo ẹ̀rọ, kí ẹ má sì kó o kọjá àmì tí wọ́n fà sára àwo náà. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá ṣì ń há, ó ṣeé ṣe kí rólà kékeré tó ń fa bébà ti dán. Ẹ pè mí, èmi ni n óò pààrọ̀ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àmì ara páálí náà wá. Ẹnìkan sọ fún mi pé “FSC ló wà lára rẹ̀, àtúnlò ni”. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń rí sí bí wọ́n ṣe ń bójú tó igbó ni FSC, 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, igi tuntun sì lè gba àmì rẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àmì náà: “Recycled” ni àtúnlò pátápátá, “Mix” jẹ́ àdàlù.

Ìbéèrè: Ìwé tí kò lólúwa ń ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àjà kẹta. Lánàá mo rí lẹ́tà owó oṣù ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ojú àánú tí ẹ fi dá a padà fún un. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti gbàgbé, tàbí ó ti tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn nítorí pé èyí ń pẹ́. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ má tẹ nǹkan kan títí dìgbà tí oníṣẹ́ bá dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀. Iṣẹ́ á dúró sórí server. Ẹ̀rọ yòówù kí ẹ dé ìdí rẹ̀, ẹ fi káàdì kàn án, ìwé yín á jáde. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá wá gbà, á pa rẹ́ fúnra rẹ̀ ní alẹ́. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju gbogbo yòókù lọ, torí pé bí ènìyàn bá ń rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, ó lè rántí lójú ọ̀nà pé òun kò nílò ìwé náà mọ́. Akọ̀wé tó ń gba ìwé fún ọ̀gá, a lè fún un láṣẹ lórí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ má yá ara yín ní káàdì.

Bí bébà kan tó ní orúkọ yín nìkan bá ń ṣíwájú gbogbo iṣẹ́ jáde, ẹ sọ fún mi, n óò pa á lórí server.

Ìbéèrè: Mo tẹ tábìlì Excel kan. Ojú ewé mẹ́tàdínlógójì ló jáde, òpó kan ṣoṣo ló wà lórí púpọ̀ nínú wọn.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú End. Ibi tí Excel bá gbé yín lọ ni ó gbà pé tábìlì yín parí sí. Ó ṣeé ṣe kó gbé yín lọ sí ìlà 2,000, níbi tí ẹnìkan ti tẹ àyè òfìfo kan sí láìmọ̀. Ẹ fa àmì yí ohun tí ẹ fẹ́ ká, kí ẹ yan “Print Area”. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ “Page Layout”, ẹ gbé bébà náà dùbúlẹ̀, kí ẹ fi “Width” sí ojú ewé kan, kí ẹ sì fi “Height” sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá sọ gíga náà di ojú ewé kan pẹ̀lú, lẹ́tà á kéré débi pé ẹ óò tún un tẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè da bébà tó ti ní ìwé lójú kan padà sínú ẹ̀rọ?

Ìdáhùn: Kí ẹ gé e di ìwé ìkọ̀wé kékeré ló sàn jù. Sítépù kan péré tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ á ha rólà, ọ̀rọ̀ àṣírí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì bá ìwé yín dé ibi tí ẹ kò rán an.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé irú lẹ́tà tí a ń lò lè dín tónà kù.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ní 2010, University of Wisconsin–Green Bay ní Amẹ́ríkà kúrò lórí Arial bọ́ sórí Century Gothic nínú í-meèlì wọn, torí pé lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn fẹ̀, ìwé tó bá ojú ewé mẹ́rin mu lè di márùn-ún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ kọ́kọ́ yanjú ojú méjì.

Ìbéèrè: Àwọn tó ń kó bébà àtúnlò kọ àpò wa. Kí la ṣe?

Ìdáhùn: Mo tú àpò náà. Ife bébà wà níbẹ̀. Ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Rìsíìtì wà níbẹ̀; bébà tí ooru ń kọ̀wé sí ni, kẹ́míkà wà lójú rẹ̀. Bébà ìnuwọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyí tó yẹ kó dé ibẹ̀. Ti sítépù kì í sábà jẹ́ ìjà, ilé iṣẹ́ bébà ń yọ ọ́.

Ẹ má sì gé ohun gbogbo wẹ́wẹ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú bébà ni wọ́n fi ń ṣe bébà mìíràn. Wọ́n lè tún un lò ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún sí méje kó tó kúrú jù, ẹ̀rọ ìgéwé sì ń gé e kúrú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé àṣírí nìkan ni kí ẹ gé.

Ìbéèrè: Ṣé ká máa yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná lálẹ́?

Ìdáhùn: Èyí tó ń lo tónà, ẹ jẹ́ kó sùn fúnra rẹ̀, ooru rólà ló ń jẹ iná jù, ó sì ń pa á bó bá ti sùn. Èyí tó ń lo tàdáwà olómi, ẹ má fa wáyà rẹ̀ yọ, torí pé tó bá jí, ó lè fi tàdáwà ṣòfò láti fi fọ ihò tí tàdáwà ń gbà jáde.

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa ní orí bébà ni òun ń fọwọ́ sí ìwé. A ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fọwọ́ sí i, a ń ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, a sì ń ju bébà nù.

Ìdáhùn: Èyí ló ń dùn mí jù, torí pé orí kọ̀ǹpútà ni ìwé náà ti wá, orí kọ̀ǹpútà náà ló sì padà sí. Òfin Amẹ́ríkà ti fàyè gba ìfọwọ́sí orí kọ̀ǹpútà láti 2000, ti àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní eIDAS jẹ́ ti 2014. Síbẹ̀, ìwé kan wà tí òfin ibi tí ẹ wà lè ní dandan bébà ni. Ẹ bẹ agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ kó kọ àwọn yẹn sílẹ̀, kí gbogbo ìyókù kúrò lórí bébà. Títí di ìgbà náà, ojú ewé tí ìfọwọ́sí wà nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀.

Ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ẹ jókòó tì í. Mo jókòó ti ọ̀gá kan báyìí, mo fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án, ó fọwọ́ sí ìwé mọ́kànlá kí n tó dìde. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò ti sọ fún òun láti ọjọ́ yìí. Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì, lórí bébà, ojú kan.