Bí mo ṣe mú imú ìbọn eré wa tọ́

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹrù eré fún ẹgbẹ́ wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan ká ya eré àwọn sójà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn airsoft kan ní ẹ̀yà-ẹ̀yà: ọwọ́ ẹnì kan ni mo ti ra ara rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo ti ra imú, ìyẹn ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, àti ìdìmú iwájú tó bo imú náà. Airsoft kì í ṣe ìbọn ogun. Jàpáánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Bátìrì ló ń yí mọ́tò inú tèmi yìí, afẹ́fẹ́ ló sì ń ti ọta oníke tó fẹ̀ ní 6 mm jáde. Àmọ́ ó jọ M4, ìbọn àwọn sójà, dé ibi pé a kì í gbé e rìn ní ìgboro. Inú àpótí ló ń wà, a sì ti lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Mo tò ó pọ̀, kò jókòó. Imú rẹ̀ ń mì. Eyín orí ara rẹ̀, ìyẹn àwọn gígé-gígé tí wọ́n ń so nǹkan mọ́, àti eyín orí ìdìmú kò sí lórí ìlà kan náà. Ti iwájú ṣẹ́ sí ọ̀tún. Àǹtí tó ń darí eré wò ó, wọ́n ní, “Ìbọn yìí ń wo ẹ̀gbẹ́. Kámẹ́rà á rí i.”

Fáìlì tí wọ́n fi ń fá irin ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Tọ́nà ní Ṣágámù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ bá mi fá ọrùn imú yìí díẹ̀, kò wọlé dáadáa.”

“Ọmọ mi, irin tá a bá ti fá, a ò lè dá a padà mọ́. Jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná.”

Wọ́n fi fáníà, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kékeré, wọ̀n ọ́n. Ojú ihò ara ìbọn fi 0.2 mm fẹ̀ ju ọrùn imú lọ! Àlàfo ni, kì í ṣe pé ọrùn tóbi jù. Bí mo bá ti fá a ni, mo ti bà á jẹ́ pátápátá. Mo gé agolo máàtì, tí awọ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.1 mm lọ, mo wé e yí ọrùn náà ká lẹ́ẹ̀kan péré. 0.1 lọ́tùn-ún, 0.1 lósì, ó di 0.2. Ẹ má ṣe jẹ́ kí etí rẹ̀ gun ara wọn, torí imú á tún ṣẹ́ síbi tó nípọn. Mo tì í wọlé, kò mì mọ́.

Ṣùgbọ́n ìdìmú ṣì wà ní ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ yìí gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ló ń mú imú mọ́ ara, ihò kéékèèké sì yí i ká. Páìpù tín-ínrín kan gbọ́dọ̀ gba ihò tó wà lókè gan-an kọjá. Nígbà tí mo so nọ́ọ̀tì náà le, ihò ti kọjá òkè díẹ̀, èmi sì fi agbára ki páìpù bọ̀ ọ́. Páìpù tẹ̀, òun ló ń ti ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá dẹ nọ́ọ̀tì, imú á tún máa mì. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi wáṣà pẹlẹbẹ sẹ́yìn nọ́ọ̀tì kí ó lè le kí ihò tó kọjá òkè. Ìkíní nípọn jù, ìkejì fẹ́lẹ́ jù, ìkẹta bá a mu wẹ́kú. Páìpù tuntun wọlé láìfi agbára kankan sí i.

Ó ku magasíìnì, tó ń wọlé ṣùgbọ́n tí ọta kì í jáde. Sípíríìnì tó yẹ kó máa ti ilé ọta, ibi tí ọta ń bọ́ sí láti inú magasíìnì, sẹ́yìn ni kò sí níbẹ̀, ẹnu ilé ọta náà kò sì dojú kọ ẹnu magasíìnì. Bàbá Tọ́nà wá ọ̀kan tó bá a mu nínú àpótí wọn.

Nílé, mo na òwú dúdú láti ẹ̀yìn ìbọn dé ẹnu imú. Ó gba àárín gbogbo eyín kọjá. Mo wọ gíláàsì ìdáàbòbò, mo dojú ìbọn náà kọ agolo kan lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yìn ín, agolo náà ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo sì fi fóònù pe Àǹtí.