Postgres ní òun ti dìde, irọ́ ni: bí mo ṣe fi Python kó kọ̀ǹténà mẹ́rin jọ ní Kubwa

Dátà ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo ra èyí tó yẹ kó gbé mi dé òpin oṣù, àfi bí Mallam tó ń ta káàdì nísàlẹ̀ ilé wa ní Kubwa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí mi lemọ́lemọ́. Ó ní àbí mo ti ṣí ilé sinimá sínú yàrá ni. Sinimá kọ́ o. Script Python kan (ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ló ń jẹ ẹ́.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà níbí, àwọn oníṣòwò Yorùbá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ní sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìfipamọ́ àti owó yíyá. Ẹni tó kọ ọ́ ti bá tirẹ̀ lọ. Kọ̀ǹténà Docker mẹ́rin, ìyẹn bí àpótí tí ètò kọ̀ọ̀kan ti ń dá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan náà, ló gbé e ró: ojú-ewé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wọlé sí, Postgres tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, Redis tó ń di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀, àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò ju pé kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí sáfà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí yóò máa gbé e ró. Iye tí mo pè, ẹ má bi mí. Ká ní mo ti rí script tó ń tan wọn kí n tó dáhùn ni, ìlọ́po méjì ni ǹ bá pè.

Docker SDK fún Python, irinṣẹ́ tí Python fi ń bá Docker sọ̀rọ̀, ni ọ̀gbẹ́ni yìí fi kọ ọ́, ìyẹn èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `docker.from_env()`. Kò sóhun tó ṣe irinṣẹ́ yẹn, èmi náà ń lò ó tó bá jẹ́ kọ̀ǹténà kan ṣoṣo. Àmọ́ kì í ka fáìlì Compose, ìyẹn ìwé kan ṣoṣo tí a ń to gbogbo kọ̀ǹténà àti bí wọ́n ṣe máa tan sí, nítorí náà gbogbo ohun tí Compose ìbá bá a ṣe ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ń tan kọ̀ǹténà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá tan Postgres tán, ó kọ `time.sleep(30)` (kí script sùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá), ó gbàdúrà, ó tan ìyókù. Tó bá wá fẹ́ palẹ̀ mọ́, ó ń pa gbogbo image (àwòṣe tí a fi ń dá kọ̀ǹténà) rẹ́ mọ́ kọ̀ǹténà! Ìyẹn ni pé nígbàkígbà tí mo bá dán an wò, Postgres ni o, Redis ni o, Python ni o, gbogbo wọn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lákọ̀tun láti Docker Hub, ilé ìkó-image-sí lórí ayélujára, lórí hotspot fóònù mi. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo sọ ọ́ nù. Python-on-whales, irinṣẹ́ Python mìíràn, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ `docker` tí àwa náà ń tẹ̀ gan-an ló ń pè lábẹ́, torí náà ohunkóhun tí `docker compose` bá mọ̀ ọ́n ṣe, òun náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kàn ń fẹ́ kí Docker àti plugin Compose ti wà lórí ẹ̀rọ. Mi ò ní kọ bí wọ́n ṣe ń gbé wọn sí i, ẹni tó bá kàwé dé ibí ti mọ ìyẹn. Kìkì pé tí ẹ bá rí ìtọ́ni tó ní kí ẹ tẹ `docker-compose`, tó fi dáàṣì sí i láàárín, ti àtijọ́ ni. Láti oṣù Keje ọdún 2023 ni wọn ò ti tún un ṣe mọ́.

Ohun tó kù kò ju èyí lọ:

```
from python_on_whales import DockerClient

docker = DockerClient(compose_files=["compose.yaml"])
docker.compose.up(detach=True, wait=True)
```

`wait=True` yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Script ò ní kúrò lójú kan títí gbogbo kọ̀ǹténà á fi ní ara àwọn le. Kò sí sleep, kò sí àdúrà. Lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó lọ geere. Mo tilẹ̀ na ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo ní ọmọ, o gbìyànjú.

Mo gbé e sórí sáfà. Ojú-ewé kú.

`connection refused`, ló sọ, ìyẹn ni pé wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́nu ọ̀nà (port) 5432 tí Postgres ń lò. Mo tún un tan, ó dìde. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pátápátá, mo bẹ̀rẹ̀ láti òfo, ó tún kú. Mo pe ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó sáfà náà ní Wuse.

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, àbúrò. Ṣebí tó o bá tún un tan, ó ń dìde? Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ní láti gbé e sórí sáfà mìíràn lọ́jọ́ kan ńkọ́, tí mi ò sì sí nílé?”

“A ó pè ọ́.”

Mo dákẹ́. Àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló wà láàárín kọ̀ǹténà méjì tó jọ jókòó sórí ẹ̀rọ kan náà? Ohun tó sì ń dùn mí ni pé mo ti kọ `condition: service_healthy` sábẹ́ `depends_on`, kí ojú-ewé má dìde títí Postgres á fi ní ara òun le, mo sì ti fún Postgres ní àyẹ̀wò tí gbogbo ayé ń kọ, `pg_isready -U postgres`, tó ń bi í bóyá ó ti ṣetán. Postgres ní òun ti dìde. Compose ní bẹ́ẹ̀ ni. Script mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú-ewé nìkan ló ń sọ pé ilẹ̀kùn ṣì tì. Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́.

Iná ti lọ nígbà tí mo jókòó ti log Postgres (ìwé tó ń kọ ohun tó ń ṣe sí), inverter ló kù tí mo gbọ́kàn lé. Mo ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo nǹkan: `database system is ready to accept connections` wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì! Láàárín méjèèjì, ó kú, ó tún jí. Lókè ti àkọ́kọ́, Unix socket nìkan ló sọ pé òun ń gbọ́, ìyẹn ọ̀nà inú ilé tí kì í gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lókè ti ẹ̀ẹ̀kejì ló tó dárúkọ `0.0.0.0`, port 5432.

Bó ṣe rí nìyí. Tí image Postgres bá bá volume (ibi tó ń kó dátà rẹ̀ pamọ́ sí) ní òfìfo, ó máa ń kọ́kọ́ tan Postgres ìgbà díẹ̀ kan, tí yóò fi ka àwọn fáìlì SQL inú `/docker-entrypoint-initdb.d`. Tó bá kà á tán, á pa á, á wá tan ojúlówó. Èyí ìgbà díẹ̀ yìí kì í gbọ́ lórí TCP, ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, rárá, socket inú ilé nìkan ló ń lò. `pg_isready` tí kò ní `-h` (àdírẹ́sì) sì ń gba ibi socket yẹn wọlé. Ó dà bí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù, tó rí ọmọ ọjà tó ń gbálẹ̀, tó wá ń kígbe sí àwọn oníbàárà pé wọ́n ti ṣí, nígbà tí irin iwájú ṣì wà nílẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù mi kò rí wàhálà yìí nítorí pé volume rẹ̀ ti ní nǹkan nínú, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú fáìlì SQL mọ́. Sleep ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ọ̀gbẹ́ni yẹn náà ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kéré nígbà yẹn. Báyìí tí wọ́n ti da ìwé ọdún gbọọrọ sínú rẹ̀, kíkà á nìkan ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lọ lórí sáfà wọn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn, ìyẹn gan-an ló ń múnú bí mi:

```
test: ["CMD-SHELL", "pg_isready -h 127.0.0.1 -U $$POSTGRES_USER -d $$POSTGRES_DB"]
interval: 5s
retries: 5
start_period: 5m
```

`-h 127.0.0.1` ló fipá mú un gba ẹnu ọ̀nà TCP. Dọ́là jẹ́ méjì kí Compose má baà fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì fo `start_period` o. Tí kò bá sí níbẹ̀, àyẹ̀wò máa kùnà léraléra nígbà tí SQL ṣì ń wọlé, Compose á ní Postgres ń ṣàìsàn, á sì pa gbogbo ètò tì.

Láti ìgbà náà, `docker.compose.down(volumes=True)` ni mo fi ń parí ìdánwò lórí láptọ́ọ̀pù, kí ìdánwò tó tẹ̀ lé e lè bẹ̀rẹ̀ láti òfo bíi ti sáfà tuntun. Image ni mi ò fọwọ́ kàn, dátà kì í ṣe omi òjò. Lórí sáfà gan-an, mo jẹ́ kí script yẹ orúkọ ẹ̀rọ wò. Tó bá rí i pé ilé àkọsílẹ̀ gidi ni òun wà, kò ní gbà láti pa volume rẹ́, ẹnì yòówù kó pàṣẹ.

Ohun kékeré mìíràn: `docker.compose.execute` ń retí pé ènìyàn jókòó sídìí tẹ́mínà. Nígbà tí cron, ètò tó ń tan iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àsìkò tí a bá dá, pè é lóru láti ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀, ó ké pé kò sí TTY (tẹ́mínà). Ẹ kọ `tty=False` sí i, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n tan sáfà tuntun láti òfo níṣojú mi, gbogbo rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaja akápò wá wo ojú-ewé náà, wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣebí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà nìyí?”

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi san owó tó kù.