Kí ẹ tó pààrọ̀ password ọ̀gá lórí MySQL

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má ṣe dédé pààrọ̀ password ọ̀gá database (ìyẹn àkáǹtì alákòóso lórí MySQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀) láàárọ̀ Mọ́ńdè bí mo ti ṣe nígbà kan. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Àfi ìgbà tí kaṣíà kan pa tiẹ̀, tó tún un tàn: «Access denied», ìyẹn ni pé kò gbà á wọlé. Kó tó di ọ̀sán, fóònù mi ò sinmi mọ́.

Láti MySQL 8.0.14 ni password méjì, ti àtijọ́ àti tuntun, ti lè jọ ṣiṣẹ́ lórí àkáǹtì kan:

ALTER USER 'alakoso'@'%' IDENTIFIED BY 'tuntun' RETAIN CURRENT PASSWORD;

(Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé @ yẹn dáadáa o, ibi tí èèyàn ti ń wọlé ni; 'alakoso'@'localhost' jẹ́ àkáǹtì mìíràn.)

Ẹ wá fara balẹ̀ lọ yí i lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Script tó ń ṣe backup lóru ńkọ́? Òun la sábà máa ń gbàgbé. Tí gbogbo wọn bá ti wọlé pẹ̀lú tuntun, ẹ wá pa ti àtijọ́ rẹ́:

ALTER USER 'alakoso'@'%' DISCARD OLD PASSWORD;

Àní, kí ni kọ̀ǹpútà kaṣíà ń fi orúkọ ọ̀gá ṣe gan-an? Ẹ ṣí àkáǹtì tiẹ̀ fún un.