Bí A Ṣe Ń Lo "Attribute" Láì Yí Gbólóhùn Po

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo sì máa ń fi bírò pupa fàlà sí lábẹ́ jù ni "attribute", ìyẹn kí èèyàn sọ pé nǹkan kan ló fa òmíràn. Ó máa ń dùn mí, torí ọmọ tó kọ ọ́ ti gbìyànjú.

Yorùbá wa máa ń gbé ohun tó fa ọ̀ràn síwájú: "Òjò ló ba àgbàdo jẹ́." "Attribute" kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá, "to" á tẹ̀ lé e, kí ohun tó fà á tó dé: "The farmers attributed the poor harvest to heavy rain." Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan yí i po, ó kọ "attributed heavy rain to the poor harvest". Ìyẹn ni pé àgbàdo tí kò ṣe dáadáa ló mú kí òjò rọ̀! Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ bi ara yín: kí ló fa kí ni?

Ẹ má fi "for" rọ́pò "to". Ẹ má sì kọ "She attributed that she passed". "She attributed her success to her mother" ló tọ́.

Tí ẹ bá ń pè é, orí "tri" ni kí ẹ ti tẹnu mọ́ ọn.

Ẹ ṣọ́ra níbi ìwé kíkọ o. "The poem is attributed to him" túmọ̀ sí pé wọ́n gbà pé òun ló kọ ọ́, àmọ́ kò dájú tán. Eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, "written by" ni kí ẹ lò fún un.