Ẹ má fi ojú ajá wo ẹja: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ẹja

Ajá, ewúrẹ́ àti màlúù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko ti ń wò fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa lóko ẹja àrọ̀. Ojú ajá yẹn náà ni wọ́n sì máa ń gbé dé.

Wọ́n á débẹ̀, ẹja ń lanu lójú omi, kíá wọ́n ti nawọ́ gán àwọ̀n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù. Inú ẹ̀ ni ẹja ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí, ibẹ̀ ló ti ń mí. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi gan-an lara ẹ̀ ò yá. Ẹ tètè bù ú o, torí olóko ò ní fẹ́ kí dókítà bá omi dúdú, á ti máa tú u dànù, á máa fa tuntun sí i. Tẹ́ ẹ bá wọn amóníà, oró tó ń ti ara ẹja àti ìgbẹ́ ẹ̀ wọnú omi, ẹ wọn pH (òdiwọ̀n tó ń sọ bóyá omi jẹ́ ásíìdì tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀) àti ìgbóná omi mọ́ ọn, torí bí méjèèjì bá ṣe ń lọ sókè ni oró amóníà ń le sí i. Aago náà ṣe pàtàkì. Ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù nínú pọ́ọ̀ndù: ewéko inú omi kì í pèsè ẹ̀ lóru, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń mí. Ẹni tó dé ní aago méjì ọ̀sán tó ní ọ́síjìn pé, oòrùn ló bá lẹ́nu iṣẹ́.

(Àrọ̀ máa ń yọjú gba afẹ́fẹ́ lókè omi, àbùdá ẹ̀ ni. Èyí tó dúró sókè tí kò padà sísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí.)

Ẹ má ṣa òkú ẹja tó ti léfòó láti òru. Gíìlì, ohun pupa tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í pẹ́ rà, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á sì ti kú tàbí kí wọ́n ti sá lọ. Èyí tó ń ṣàìsàn tó ṣì wà láàyè ni kẹ́ ẹ mú, omi pọ́ọ̀ndù rẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ sì kán sórí gíláàsì tó ń lọ sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kán omi ẹ̀rọ tó ní kiloríìnì apakòkòrò sí tiẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Èkejì ẹ̀ kán omi pọ́ọ̀ndù sí gíìlì ẹja kan náà: Trichodina, kòkòrò ara ẹja tí ojú lásán ò lè rí, ń pòòyì bí òkòtó, kò lóǹkà.

Ọwọ́ gbígbẹ ńkọ́? Ó ń bó ohun tó ń yọ̀ lára ẹja, ààbò ẹ̀ sì nìyẹn. Ẹ rẹ ìbọ̀wọ́ sómi. MS-222 tẹ́ ẹ fi ń kun ẹja lóorun, ásíìdì ni; ẹ fi baking soda rọ̀ ọ́.

Olóko á wá béèrè pé, "Dókítà, kí la máa dà sí i?" Ẹ má tíì dárúkọ àǹtíbáyótíìkì. Trichodina tó ń pòòyì yẹn ò gbọ́ èdè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì pò ó mọ́ oúnjẹ, ẹja tó ń ṣàìsàn ti pa oúnjẹ tì. Àwọn tí ara wọn le ló máa jẹ ẹ́ tán.