Ariwo abẹ́ Hilux bàbá mi àti jíà tó ń le: bí mo ṣe wá a rí

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Hilux bàbá mi ti ń pariwo lábẹ́. Ti 1994 ni, mánúà, òun ló ń kó ẹ̀gẹ́ wa láti oko lọ́nà Ìdí Ayùnrẹ́ wá sí Ìbàdàn. Ariwo yẹn kì í ṣe ẹyọ kan, tẹ́ ẹ bá ti jí kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀, láti gbéra ẹ máa gbọ́ "gbàgà!" lábẹ́ bíi kẹ́ni fi òòlù lu irin, tó bá wá tó ọgọ́ta lórí eré gbogbo ìjókòó á máa gbọ̀n. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni jíà. Jíà kìíní àti ríbáàsì ò fẹ́ wọlé mọ́, àfi kẹ́ ẹ fi agbára tì í, ríbáàsì á sì máa ké kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀ títí ojú á fi máa tini níwájú èèyàn.

Mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá ò tiẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀, ó ṣáà ní jíàbọ́ọ̀sì ti kú, ká lọ ra tòkúnbọ̀ ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò n'Ìbàdàn. Mo ní bàbá mi ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní Sátidé kan ná. Owó jíàbọ́ọ̀sì kì í ṣowó kékeré, tẹ́ ẹ bá sì ra tòkúnbọ̀ tán ẹ ò mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀, ó lè burú ju èyí tẹ́ ẹ tú sílẹ̀ lọ.

Nǹkan tí mo kọ́kọ́ ṣe ò gba sípánà rárá. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ń yí jíà láti orí kìíní dé karùn-ún, mo yí i sí ríbáàsì, gbogbo ẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Mo wá tan ẹ́ńjìnnì, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, ó tún le. Ibẹ̀ lọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀, torí tó bá jẹ́ inú jíàbọ́ọ̀sì tàbí ọ̀pá jíà ló bàjẹ́, ó sábà máa ń le bí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ kú. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń le, kílọ́ọ̀ṣì ni ò sábà já tán, ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jíà nínú lọ́hùn-ún bẹ́ ẹ ṣe tẹ ẹ́ tó. Ríbáàsì ló sì máa ń tú àṣírí ẹ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ kò ní òrùka idẹ bíi tàwọn jíà iwájú, òrùka yẹn ló máa ń mú kí eré eyín jíà bára mu kí wọ́n tó wọnú ara wọn.

Mo tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, kíákíá kíákíá, mo tún ti jíà kìíní, ló bá wọlé! Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn, torí ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ láti pẹ́dàlì dé ìdí kílọ́ọ̀ṣì. Mo wọ abẹ́, mo ká róbà tó wà lẹ́nu lówà, ìyẹn sìlíńdà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíàbọ́ọ̀sì, ọ́ìlì búréékì, tí kílọ́ọ̀ṣì náà ń lò, dà sí mi lọ́wọ́. Ọ́pà, ìyẹn sìlíńdà tòkè tí pẹ́dàlì ń tì, gbẹ fúrúfúrú, kò jò.

Kí n tó kúrò nídìí kílọ́ọ̀ṣì mo tún tẹ́tí sí i. Mo gbé e sí nútírà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mo tẹ pẹ́dàlì, mo tún jí i. Ariwo tó bá yọ nígbà tẹ́ ẹ tẹ ẹ́, release bearing, bíárììnì tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, èyí tó bá dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ tẹ ẹ́ tó tún padà nígbà tẹ́ ẹ jí i, bíárììnì iwájú nínú jíàbọ́ọ̀sì ni. Tiwa ò ṣe ọ̀kankan, inú mi dùn gan-an torí iṣẹ́ sísọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ nìyẹn ì bá jẹ́.

Ó wá ku "gbàgà" yẹn. Mo fi òkúta dí táyà níwájú lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi jáàkì nìkan wọ abẹ́ mọ́tò o, mo gbé e sí nútírà, mo wá di púròpẹ́là mú, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti jíàbọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn, mo ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Oníìpín méjì ni tiwa, cross joint mẹ́ta ló ní, ìyẹn oríkèé irin tó ń jẹ́ kó lè tẹ̀, àti bíárììnì àárín. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ń ṣe kọ́-kọ́-kọ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹ̀fun ìpẹtà pupa sì yí etí ẹ̀ ká, gíríìsì ti tán nínú ẹ̀ pátápátá. Ibi tí mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ni mo ti rí i pé síìlì ẹ̀yìn jíàbọ́ọ̀sì, róbà tó ń dí ọ́ìlì, ń jò, mo ṣí nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i, mo ti ìka bọ̀ ọ́, n ò kan ọ́ìlì.

(Ẹ rántí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì òkè tẹ́ ẹ ń gbà da ọ́ìlì sí i kẹ́ ẹ tó tú tìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbà dà á nù. Tẹ́ ẹ bá da ọ́ìlì nù tán tí tòkè kọ̀ tí ò tú, mọ́tò ò lè kúrò lójú kan mọ́.)

Mo ra lówà, cross joint kan àti síìlì ní Gate. Mo fi ẹfun sàmì sára púròpẹ́là àti ibi tó so mọ́ kí n tó tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè pààrọ̀ cross joint kó ṣì máa gbọ̀n. Àbúrò mi ló bá mi tẹ pẹ́dàlì nígbà tí mo ń yọ atẹ́gùn kúrò nínú ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì, ó ń bi mí pé "ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n jí i?" mo ní rárá, dì í mú síbẹ̀ àfi tí mo bá ti dé nọ́ọ̀tì tí atẹ́gùn ń gbà jáde. A ṣe é títí atẹ́gùn fi tán. Ọ́ìlì jíà, irú tí wọ́n ń pè ní 75W-90 GL-4, ni mo dà sí i títí tó fi ń kún jáde lẹ́nu ihò. Irú tí wọ́n ń pè ní GL-5 ló yẹ ásù ẹ̀yìn, ibi tí táyà ẹ̀yìn so mọ́, àmọ́ kẹ́míkà inú ẹ̀ lè máa jẹ òrùka idẹ jíàbọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀, èmi ò sì ní fi mọ́tò tó ti pẹ́ báyìí dán an wò.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó gbé e jáde. Kò gbàgà, kò gbọ̀n. Ohùn kan ṣì kù, "ùùù" kan láti ásù ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù (pẹ́dàlì tó ń fún un léré) lórí eré, tó ń dákẹ́ tẹ́ ẹ bá jí ẹsẹ̀. Ọ́ìlì ásù pé, eyín inú ẹ̀ ló ti jẹ, mo ti sọ fún bàbá mi pé ìyẹn ṣì lè dúró dìgbà tá a bá ta ẹ̀gẹ́ tọdún yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n pè mí láti oko. Wọ́n ní àwọn ti ríbáàsì dé ìdí ẹ̀gẹ́, kò ké.