Bí mo ṣe ya àgbáńréré márùn-ún sára ògiri ilé-ìwé kan ní Èbúté Mẹ́ta

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èbúté Mẹ́ta ló ní kí n wá ya ẹranko sára ògiri tó kọjú sí pápá ìṣeré wọn. Kìnnìún àti erin ni ọ̀gá àgbà ń fẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká ya àgbáńréré. Oríṣi márùn-ún péré ló wà láyé, ògiri yín á sì gbà wọ́n tán." Wọ́n ní kò burú, kó ṣáà ti kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan.

Mo ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, mo fọ ògiri, mo sì fi ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ. Ó gbẹ tán kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà.

Méjì jẹ́ ti Áfíríkà, mẹ́ta jẹ́ ti Éṣíà. Àwọ̀ eérú kan náà ni mo pò fún àgbáńréré funfun àti dúdú ti Áfíríkà, torí àwọ̀ kọ́ la fi ń dá wọn mọ̀. Ètè ni. Ètè funfun fẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko ló ń jẹ, nítorí náà mo tẹ orí rẹ̀ ba sílẹ̀. Ètè òkè ti dúdú ṣe ṣónṣó, ewé àti ẹ̀ka igi ló fi ń já. Mo yà á, mo nù ún, mo tún un yà, títí ètè náà fi dà bí ìka tó ń fa ẹ̀ka mọ́ra. Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù, kò sì dùn mí rárá.

Ìwo kan ṣoṣo ni ti Íńdíà ní, awọ rẹ̀ sì ṣẹ́po léra ní èjìká àti itan. Ti Java, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, jọ ọ́, àmọ́ kò tóbi tó o. Ti Sumatra, erékùṣù mìíràn níbẹ̀, ló kéré jù. Ìwo méjì ló ní, irun sì wà lára rẹ̀.

Ọmọ kan dúró tì mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé egungun ni ìwo yẹn?" Mo ní kó wo èékánná ọwọ́ rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn náà làwọn kan ń rà bí oògùn, tí wọ́n fi ń pa ẹran odindi, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi òfin de òwò rẹ̀ láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè láti 1977. Ní Nàmíbíà àti South Africa, àwọn olùtọ́jú máa ń fi oògùn kun ẹran náà lóorun, wọn á gé ìwo rẹ̀ kí àwọn apẹran má bàa rí nǹkan mú. Á tún hù padà.

Ọ̀rọ̀ ti dúdú ló ká mi lára jù. Nǹkan bí 65,000 ni wọ́n ní 1970; nígbà tó fi máa di 1995, wọn ò tó 2,500 mọ́. Lónìí wọ́n ti lé ní 6,000. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka wọn tó gbẹ̀yìn sí Kamẹrúùnù, ìlú tó múlé gbè wá níbí, ti run; 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀. Funfun náà ní ẹ̀ka méjì. Ti gúúsù kò tó 100 nígbà kan, àbójútó ló sọ wọ́n di ohun tó ju 15,000 lọ. Ti àríwá kò rí bẹ́ẹ̀: Sudan, akọ tó kù, kú ní Kẹ́ńyà ní oṣù kẹta ọdún 2018, ó ku ọmọ rẹ̀ Najin àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ Fatu, abo ni àwọn méjèèjì.

Ti Íńdíà ju 4,000 lọ. Ti Java kò tó 100, inú igbó Ujung Kulon ní erékùṣù Java nìkan ni gbogbo wọn wà. Ti Sumatra kò tó 50.

Mi ò fi ọ̀dà kọ iye wọn sí ògiri. Abẹ́ ẹranko kọ̀ọ̀kan ni mo ti fi ọ̀dà pátákó ìkọ̀wé kun àyè kékeré, kí wọ́n lè máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye náà, kí wọ́n sì máa tún un kọ bó bá ṣe ń yí. Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ló gba iṣẹ́ yẹn. Gbogbo ibi tó kù ni mo fi fánìṣì bò nítorí òjò.